Ẹ Kọ́kọ́ Bi Bàbá

Ọkàn tó bá nífẹ̀ẹ́ kì í wo kàlẹ́ńdà. Ká ní ó ń wò ó ni, ì bá ti mọ̀ pé sáà tó le jù lọ nílé ìwé nọ́ọ̀sì kọ́ ni èèyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí sáà tuntun náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Yunifọ́ọ̀mù kálukú le gbagidi lára rẹ̀, bàtà ń dán. Tíṣà wọn wọlé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Má-Jókòó tí kò bá sí nítòsí, nítorí kò sí ohun tó ń bí i nínú tó nọ́ọ̀sì tó jókòó nígbà tí iṣẹ́ wà nílẹ̀.

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé, eré lẹ̀ ń ṣe," ni ó wí. "Ọmọlangidi lẹ̀ ń wẹ̀, ọmọlangidi kì í sì í ké. Láti ọ̀la, èèyàn ni. Wọ́ọ̀dù láàárọ̀, kíláàsì lọ́sàn-án, ìwé lálẹ́. Sáà yìí ni asẹ́. Ìyàngbò ò ní í kù síbẹ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan mìíràn tó fẹ́ lọ ṣe láyé, kó yáa lọ ṣe é báyìí kí n má baà fi àkókò mi ṣòfò lé e lórí."

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Kò tíì di nọ́ọ̀sì o, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ilé ìwé ti gbà á ni àwọn ará ilé wọn ti pa orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ tì, wọ́n ní àwọn ò lè máa dúró dè é. Orí ń fọ́ ọ láàárọ̀ yẹn. Irun tuntun tó dì lánàá le, àmọ́ kì í ṣe irun ló ń dùn ún jù. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó dì í fi sí i létí ni.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó, ẹ ní láti mọ Káfíńtà.

Inú yàrá ìdánrawò ilé ìwé ni wọ́n ti pàdé ní sáà tó kọjá. Nọ́ọ̀sì dá wà níbẹ̀, tàbí bó ṣe rò ó nìyẹn. Ó fẹ́ fi ọmọlangidi ńlá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì dánra wò. Ó bu omi sínú bàsíà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì tẹríba bí wọ́n ṣe kọ́ wọn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni nọ́ọ̀sì yín lónìí. Mo fẹ́ wẹ̀ yín."

"Ẹ ṣeun," ni ohùn ọkùnrin kan dáhùn. "Mo ti wẹ̀."

Bàsíà fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, omi dà gbàà. Láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan ti rá jáde, òòlù lọ́wọ́, ìṣó láàárín ètè, omi ń kán tótó láti orí rẹ̀ dé àgbọ̀n. Pákó tó fọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ní kó wá tún ṣe.

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Mo sọ fún yín pé mo ti wẹ̀," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ ò gbà mí gbọ́."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ bínú. Ó wá ìbínú náà títí, ẹ̀rín ló rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn àga ilé ìwé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yarọ lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé Màmá Má-Jókòó béèrè bóyá àrùn kan ló ń jà láàárín wọn. Káfíńtà ń wá, ó ń tún wọn ṣe, á sì dúró lẹ́nu géètì títí Nọ́ọ̀sì á fi jáde. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ìṣó: ibi tó bá kàn án mọ́, ibẹ̀ ló máa wà. Ọjọ́ tó sọ fún Nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Nọ́ọ̀sì kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà tí wọ́n wà ní ìsinmi ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá Káfíńtà. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìlú dé ìlú ni. Apá kan ara rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní ọsibítù dé ilé ni Káfíńtà kọ́kọ́ mú Nọ́ọ̀sì lọ kí àwọn òbí rẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà ni Nọ́ọ̀sì fi ń ka ìkíni sórí: bó ṣe máa kí Màmá, bó ṣe máa kí Bàbá, ibi tó máa wo, ohun tí kò gbọdọ̀ sọ. Wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá. Ó rí Bàbá tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí rẹ̀ ti bọ́ kúrò lórí ìrọ̀rí, apá tó ti kú há sábẹ́ ara rẹ̀. Gbogbo ìkíni fò lọ. Kí Màmá tó sọ "ẹ káàbọ̀" tán, Nọ́ọ̀sì ti ju báàgì sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ èjìká Bàbá, ó ki èkejì bọ abẹ́ ìbàdí, ó yí i, ó yọ apá náà jáde, ó ti ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tutù. Ó tú aṣọ lára Bàbá, ó nù ún, ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ó sì na ojú aṣọ tuntun náà títí kò fi hunjọ níbì kankan.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lẹ́nu.

"Ẹ wò ó bó ṣe yí i bí ẹni ṣí ojú ewé ìwé," ni Màmá wí. "Ọlọ́run, o ò sùn. Wá jókòó, ìyàwó mi."

Bàbá yí ojú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì rí i. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ó darí sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ìyá ọkọ pè ní ìyàwó lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń pè ní "ẹni yẹn".

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú sáà tuntun ni ó wá mọ ohun tí wọ́n fi se ayọ̀ náà.

Àbúrò Màmá ni Onírun. Irun ló ń dì, òun náà sì ni alárinà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Alárinà tó bá jẹ́ onídìrí burú, nítorí orí ẹni wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Má mi orí," ni Onírun wí. "Ọ̀rọ̀ rere ni mo fẹ́ sọ."

"Àǹtí, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti ní ọ̀rọ̀ rere, ńṣe lẹ máa ń fa irun mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi ti mú ọjọ́. Oṣù tó ń bọ̀."

"Ọjọ́ kí ni?"

"Ọjọ́ ìgbéyàwó. Àbí ọjọ́ tí a máa gbin àgbàdo lo rò?"

Àyà Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fò fún ayọ̀, ó tún wá fò fún ẹ̀rù. "Mo máa wà ní wọ́ọ̀dù lóṣù tó ń bọ̀, Àǹtí."

"Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó o ti kọ́ ti tó. Ó ní òun fojú òun rí bó o ṣe yí Bàbá, kí lo tún ń wá nínú ìwé? Kó o fi ilé ìwé sílẹ̀, kó o wá sílé ọkọ, kó o máa tọ́jú bàbá ọkọ rẹ. Wọ́n á fún yín ní yàrá tó kọjú sí tiẹ̀, kó o lè tètè máa gbọ́ tó bá ké."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ yí ojú sẹ́yìn. Irun há sí Onírun lọ́wọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn pé irun wà níbẹ̀ tó lè di ẹ̀bi omi ojú náà rù.

"Káfíńtà ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

Òòyà Onírun dúró díẹ̀. "Ó wà níbẹ̀. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Tí mo bá ní mi ò lè fi ìwé sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ ọ̀rẹ́ òun kan wà tí kò ní ìwé kankan láti kà, tí ara rẹ̀ sì le. Ọmọ mi, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. Má bínú sí mi, mo ṣì ní ìlà mẹ́ta láti dì."

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ lọ́wọ́. Télọ̀ ni ìyá náà. Òun ló rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láì dá ẹ̀rọ dúró.

"Ọkọ rere ò pọ̀," ni ìyá wí. "Ọmọkùnrin yẹn kì í mutí, kì í parọ́, ó mọ iṣẹ́. Tó o bá jẹ́ kó lọ, ẹlòmíràn á gbé e. Mi ò tàn ọ́."

"Ṣé kí n lọ nìyẹn, mọ́mì?"

"Mi ò sọ pé kó o lọ. Mo ní tó o bá fẹ́ lọ, bọ́ yunifọ́ọ̀mù yẹn fún mi. Aṣọ ẹ̀ dáa, mo lè tú u fi rán ṣòkòtò fún ẹlòmíràn. Mi ò fẹ́ kó máa wà lára ìṣó nílé ẹnì kan, kó o máa wò ó, kó o máa sunkún." Ó gé òwú. "Ìwọ lo máa pinnu. Ṣùgbọ́n má fi ẹkún pinnu."

Nọ́ọ̀sì wo yunifọ́ọ̀mù náà. Kò bọ́ ọ. Òun náà ló wọ̀ lọ sí kíláàsì níjọ́ kejì.

Bí kíláàsì ṣe parí, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Ó bá a níbi tó ti ń fá ilẹ̀kùn kan, ìyẹ̀fun igi bò ó dé ìpéǹpéjú. Káfíńtà rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rín náà sá wọlé.

"Àǹtí rẹ ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ ọ́ ni."

"Ìgbà wo? Tí mo bá ti wọ aṣọ ìyàwó tán?"

"Má bínú. Màmá ló…"

"Mi ò bi ọ́ nípa Màmá. Nígbà tí wọ́n ń sọ pé kí n fi ìwé sílẹ̀, ẹnu rẹ wà níbo?"

Káfíńtà gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "O ò mọ bí ilé wa ṣe rí. Bàbá ò lè dá yí ara wọn. Ẹ̀yìn ń dun Màmá débi pé wọ́n ń fi ọwọ́ ti ògiri rìn. Èmi, igi ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n dì mú. Ọjọ́ tó o wọlé yẹn, ó dà bíi pé ẹnì kan tan iná sínú ilé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ní kí wọ́n pa á."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Nọ́ọ̀sì lákínyẹmí ara. Díẹ̀ ló kù kó fi orí lé e láyà, kó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n ohun kan ń gún un tó ti wà níbẹ̀ láti àná, kò sì fẹ́ kó di egbò.

"Ìyàwó lò ń wá ni, àbí nọ́ọ̀sì?"

"Ṣé èèyàn ò lè rí méjèèjì lára ẹnì kan ni?" Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ó lè rí i. Àmọ́ mo fẹ́ mọ èyí tó o máa ń rí tó o bá wò mí. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n, o mọ ọ̀nà ilé ìwé wa. Tó ò bá tíì mọ̀ ọ́n, má wá."

Ó yíjú, ó ń rìn lọ. Ó ń dẹtí kó gbọ́ kí Káfíńtà pe òun. Ó rìn dé ìkóríta, kò gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́ọ̀dù gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú, ó ń ka orúkọ egungun bó ṣe ń fọ eyín. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ egbò tí ń rùn láì yí imú pa dà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún kíákíá nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, kí wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì bí ẹni pé ìrọ̀rí lèèyàn wá mú. Tó bá gbọ́ ìró òòlù níbikíbi, á yíjú. Nígbà tí àga kíláàsì tún fọ́, káfíńtà àgbàlagbà kan tó ń wúkọ́ ni wọ́n rán wá. Nọ́ọ̀sì wo bàbá náà bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní nǹkan.

Ṣé kò ti ṣe àṣejù? Bí Káfíńtà bá ti fẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í sùn. Ó ń jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ó ń ṣí ojú ewé tó kàn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó wẹ ìyá àgbà kan tí egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́. Aláìsàn pọ̀, ọwọ́ kò tó. Nọ́ọ̀sì kí ìyá náà wéré, ó sì na ọwọ́ sí aṣọ ìbora rẹ̀ láti ká a kúrò. Ọwọ́ Màmá Má-Jókòó bọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti bi wọ́n?"

"Mà, ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń retí mi ni."

"Mo ní, ṣé o ti bi wọ́n?" Tíṣà náà ò gbé ohùn sókè. "Aláìsàn ti fi ilé sílẹ̀, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ara rẹ̀ nìkan ni yàrá tó kù tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. O ò kanlẹ̀kùn, o ti wà nínú ilé. Kí ni ìyàtọ̀ ìwọ àti olè?"

"Ẹ rọra bá a wí," ni ìyá àgbà náà sọ láti orí ìrọ̀rí. "Ọwọ́ ẹ̀ ló yá."

"Ọwọ́ tó yá ju ẹnu lọ ni mo ń bá wí, Màmá."

Nọ́ọ̀sì tọrọ àforíjì, ó tọrọ àyè, ìyá náà sì gbà. Ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá tó yí sí ògiri ni ó ń rí lórí omi bàsíà. Kì í ṣe àárẹ̀. Ọkùnrin tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù kọjá odò àti òkè, ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ṣe aya, ẹni náà ti tú aṣọ lára rẹ̀ kó tó kí i. Kò sẹ́ni tó bi í lọ́jọ́ náà. Kò sì sẹ́ni tó bi í nípa ọjọ́ tí wọ́n mú, tàbí yàrá tó kọjú sí tiẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ pé, ó gba ilé Bàbá lọ. Kì í ṣe nítorí Káfíńtà, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ò gbà á gbọ́, kíákíá ló ń rìn.

Ó bá Màmá àti Onírun ní pálọ̀. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé láti wá bá ìyá rẹ̀ gbé Bàbá jókòó. Nígbà tó rí Nọ́ọ̀sì, ó dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde.

"Ìyàwó mi dé," ni Màmá wí, ojú rẹ̀ tàn. "Mo sọ fún wọn. Mo ní ọmọ aláàánú ni, ó máa wá."

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ káàsán, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn ló gbé mi wá. Ẹnì kan wà tá ò tíì bi."

"Ta nìyẹn? Ìyá rẹ?"

"Bàbá."

Wọ́n wo ara wọn. "Bàbá wo?" ni Onírun béèrè. "Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀, Àǹtí. Kì í yá ni."

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, síbẹ̀ ó kàn án, ó sì dúró títí Bàbá fi gbé ojú sókè. Ó gbé àpótí kan sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó kí ojú rẹ̀ àti ti Bàbá lè dọ́gba. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, mo fọwọ́ kàn yín láì tọrọ àyè. Mi ò tiẹ̀ kí yín."

Bàbá, tó ti tún kọjú sí ògiri, yí ojú sí i díẹ̀.

"Wọ́n ní kí n wá máa gbé níbí, kí n máa wẹ̀ yín, kí n máa pààrọ̀ aṣọ yín. Ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá la ẹnu. Màmá bẹ̀rẹ̀: "Ohun tó ń gbìyànjú láti sọ ni pé…"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn."

Wọ́n dúró. Ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ bí korobá tí wọ́n ń fà láti inú kànga jíjìn. Èèyàn ń gbọ́ bó ṣe ń gbá ẹ̀gbẹ́ kó tó yọjú.

"Ìyàwó… ọmọ mi," ni Bàbá wí. Ó sinmi. "Kò gbọdọ̀… rí mi… bẹ́ẹ̀. Ojú… ń tì mí."

Màmá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì lójijì. "Bàbá, ẹ ò sọ fún mi."

"O ò… bi mí."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ lé etí bẹ́ẹ̀dì, kò fi kan Bàbá. "Ta lẹ wá fẹ́?"

Ọwọ́ Bàbá tó ṣì dára gbéra. Ó kọjá Nọ́ọ̀sì, ó kọjá Màmá, ó dúró lórí ọmọkùnrin tó fara ti férémù ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lára ṣẹ́ẹ̀tì.

"Òun. Èmi ni… mo ń wẹ̀ ẹ́… ní kékeré. Ó máa ń… ta mí nípàá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Onírun, ẹkún sì tẹ̀ lé e kó tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n Màmá ló sunkún jù. "Ẹ̀yìn mi ni," ni ó ń sọ fún Nọ́ọ̀sì. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tí mo bá gbé wọn láàárọ̀, mi ò ní lè nàró tán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo rí ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn, mo ní ìsinmi mi ti dé."

"Ẹ máa sinmi, Màmá. Àmọ́ kì í ṣe lórí ìwé mi."

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe," ni Káfíńtà wí láti ẹnu ọ̀nà. "Mo lè ṣe wọ́n léṣe."

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ igi?"

"Ọ̀gá mi."

"Ọ̀gá rẹ tuntun rèé. Lọ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀fun yẹn."

Ohun tí Nọ́ọ̀sì ṣe lẹ́yìn náà, Onírun ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo orí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ó gbé bàsíà àti tówẹ́ẹ̀lì fún Káfíńtà, ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Láti ìta ni ó ti ń kọ́ ọ.

"Ṣé o ti bi wọ́n?"

"Mo ti bi wọ́n."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní omi ò gbóná tó."

"Fi omi gbígbóná kún un. Fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ tọ́ ọ wò, má fi àtẹ́lẹwọ́, tìrẹ ti kú. Ojú ni kó o kọ́kọ́ wẹ̀. Tó o bá fẹ́ yí wọn, tẹ orúnkún, má tẹ ẹ̀yìn. Ọwọ́ kan ní èjìká, ọ̀kan ní ìbàdí. Sọ fún wọn kó o tó yí wọn."

"Bàbá, mo fẹ́ yí yín." Káfíńtà gbé ohùn sókè sí ìta. "Wọ́n ní kí n má yí àwọn bíi pákó."

"Wọ́n sọ gbogbo ìyẹn?"

"Pákó nìkan ni wọ́n sọ. Ojú wọn ló sọ ìyókù."

"Mo ti rí ẹni tó ń bá èèyàn jà láti ìta rí," ni Onírun wí. "Mi ò tíì rí ẹni tó ń wẹ èèyàn láti ìta."

Nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ nínú yàrá, Màmá nu ojú rẹ̀. "Oṣù tó ń bọ̀ wá ńkọ́?"

"Oṣù tó ń bọ̀, mo wà ní wọ́ọ̀dù, Màmá. Mi ò ní í fi ilé ìwé sílẹ̀. Tí mo bá gba ìwé ẹ̀rí, tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ mi, mo wà."

"Tí ọmọ mi bá wá rí ẹlòmíràn?"

Ó gún un bí abẹ́rẹ́. Kò jẹ́ kó hàn. "Á jẹ́ pé èmi kọ́ ló ń wá nìyẹn."

Ó kí wọn, ó lọ. Káfíńtà ò sìn ín sọ́nà. Ó ń nu ara bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Sáà náà sáré lọ. Nínú kíláàsì wọn, ẹni méjì ti kó ẹrù wọn lọ sílé, asẹ́ ti jọ̀ wọ́n dànù. Nọ́ọ̀sì gbẹ, ojú rẹ̀ jin, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan láti ilé Káfíńtà. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá dùn ún títí láé, yóò máa dùn ún pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò wọ́ọ̀dù, wọ́n ní ẹnì kan ń bi í ní géètì. Káfíńtà ni. Kò gbé àpótí irinṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán bí ọṣẹ, eékánná rẹ̀ gé kúrú, ó mọ́ tóní bíi ti dókítà.

"Mi ò ní pẹ́," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé ìdánwò wà. Bàbá ní kí n kí ọ. Wọ́n ti ń bú mi báyìí láì sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Màmá sì ní kí n béèrè ọjọ́ tí ilé ìwé máa tú yín sílẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ tó o bá dá ni àwọn máa mú."

Inú Nọ́ọ̀sì dùn, ó sì fi ìjánu sí i. "Iṣẹ́ Bàbá nìyẹn, iṣẹ́ Màmá nìyẹn. Ìwọ ò ní iṣẹ́ tìrẹ tó o fẹ́ jẹ́?"

"Mo ní. Mo pẹ́, mo mọ̀. Mo ń wẹ Bàbá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ ru ẹrù yẹn fúnra mi, kí n wò ó bóyá tí mo bá ti yọ ọ́ kúrò, nǹkan ṣì kù tí mò ń wá lọ́dọ̀ rẹ. Ó kù. Òun ló pọ̀ jù. Ìyàwó ni mò ń wá. Nọ́ọ̀sì ti wà nílé wa. Èmi ni."

Aago lù nínú ọgbà. Nọ́ọ̀sì wò ó títí aago fi dákẹ́.

"Lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá," ni ó sọ níkẹyìn, "kí àwọn èèyàn rẹ wá bá ìyá mi. Kì í ṣe ṣáájú. Ó ṣì jìnnà. Ṣé wàá lè dúró?"

"Wọn kì í fi igi tútù kan ilẹ̀kùn," ni Káfíńtà wí. "Ó máa lọ́. Wọ́n máa ń jẹ́ kó gbẹ ná. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró."

Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Ó dé wọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe fẹ́ pa ilẹ̀kùn. Màmá Má-Jókòó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, fìlà, bọ́tìnnì, bàtà, ó wá dúró lórí ojú rẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín láàárọ̀ ìdánwò?"

"Kò sí, mà."

"Má pa á tì. Àwọn aláìsàn á fẹ́ rí i." Ó fi àgbọ̀n júwe ẹ̀rọ omi. "Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Nọ́ọ̀sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lọ ṣí ẹ̀rọ omi.